Má ṣe fi iye ọmọ inú béárìn pín ẹrù lásán

Àbúrò mi, o béèrè bóyá o lè fi ọmọ 9, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀lù irin tó wà nínú béárìn rẹ, pín ẹrù 1,800 niutọ̀nù, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa gbé 200. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ṣe ìṣirò yẹn nígbà kan, béárìn mẹ́ta ló sì bá a lọ.

Ẹ̀rọ ìlọta kan ni mo ń tún ṣe ní Alékúwodò, níbí ní Òṣogbo. Nígbà tí béárìn kejì fọ́ láàárín oṣù kan, mo pe onímọ̀ ẹ̀rọ kan, ẹni tí aṣọ rẹ̀ mọ́ ju ti ẹni tó ń fọwọ́ kan gírísì lọ, tó sì gbowó kó tó lanu. Kò tú nǹkan kan wò; ó ní ayédèrú ni mo rà, kí n lọ ra èyí tó wọ́n. Mo rà á, òun náà fọ́. Ìgbà tí mo gé òrùka ìta rẹ̀ ni mo tó rí i pé apá kan péré ló dúdú tó sì ti ń bó, tí apá yòókù ṣì ń dán bíi dígí. Àmì náà kò tilẹ̀ sí nísàlẹ̀ tí mo ti ń wá a. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí mọ́tò ló wà, nítorí bẹ́líìtì tí mo fà le jù ló ń fa ọ̀pá tó ń yí nínú béárìn náà lọ síbẹ̀, ìwúwo nìkan ni èmi sì ti kà sí ẹrù.

Bí kò bá sí àlàfo rárá láàárín àwọn ọmọ béárìn àti àwọn òrùka rẹ̀, ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé ẹrù. Bí àlàfo bá wà, wọn kì í tó ìdajì, èyí tó wà ní ọ̀gangan ibi tí ẹrù tẹ̀ sí ló sì ń jìyà jù. Láti 1901 ni Stribeck, ará Jámánì, ti ṣe iṣẹ́ lórí èyí: fi 4.37 sọ ẹrù di púpọ̀, kí o wá fi iye ọmọ pín in, wàá rí ẹrù tó wà lórí ọmọ tó ń jìyà jù. Bí àlàfo díẹ̀ bá wà, 5 ni à ń lò. Tìrẹ yóò jẹ́ 874 tàbí 1,000. Má fojú kéré ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyẹn àti 200 tí o ṣírò, nítorí bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni yóò kù nínú ọjọ́ ayé béárìn.

Kí olùtajà má sì ta èyí tí wọ́n kọ C3 sí lára fún ọ kó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Àlàfo rẹ̀ pọ̀ ju ti èyí tí kò ní àmì. Ẹ̀rọ tó ń gbóná ló wà fún. Bí o bá sì ń gbá béárìn wọ ọ̀pá, òrùka inú ni kí o gbá, kì í ṣe ti ìta.

Ìfà bẹ́líìtì àti ìwúwo, o mọ bí a ṣe ń pa wọ́n pọ̀. Ṣé ìfà yẹn wà nínú 1,800 rẹ?