Níbo ni mo ti lè rí pátánì tí mo máa fi rán tẹ́dì fún ọmọ nílé, ní Èkó?

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n pọ̀ sí jù: tẹ "free teddy bear pattern PDF" sínú Google, wàá rí èyí tí kò gba owó. Ní kí oníkọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà A4 ní 100%. Fi rúlà wọn àpótí ìdánwò ara rẹ̀ (àpótí kékeré tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i) kó o tó gé e, torí bí ìwọ̀n bá dín, tẹ́dì yóò kéré.

Tẹ́dì àtijọ́ náà wúlò. Tú ojú rírán rẹ̀, ya ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sórí bébà. Àyè ìránṣọ (etí aṣọ tó kọjá ojú rírán) ti wà lára rẹ̀.

Wá aṣọ ní Balógun tàbí Tẹ̀júoṣó ní Yábàá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kò gbọdọ̀ gba tẹ́dì olójú bọ́tìnnì, ó lè gbé e mì. Òwú ni kó o fi rán ojú rẹ̀.