Ta ló ń lùlù fún ìròmi?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. London la bí ọmọbìnrin mi sí, ó ti pé ọmọ ọdún 12. Ó bi mí pé kí là ń pe ẹni tí kì í ṣe olórí, àmọ́ tó jẹ́ pé ohun tó bá wí ni olórí ń ṣe. Mo ní, "ẹni tó ń fa okùn." Màmá mi tó wà lórí fóònù bú sẹ́rìn-ín: "Okùn wo? Ti ewúrẹ́ àbí ti kànga?" Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká máa sọ?

Ìdáhùn: Màmá yín rín ẹ̀rín ire. Àwa kì í fa okùn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìlù là ń lù. Ìròmi tó ń jó lórí omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kọ́ ọmọ tèmi, etí odò kan nítòsí ilé wa ní Leeds la lọ. A lóṣòó, à ń wo àwọn kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ta pọ́nún lójú omi láì rì. Ó tẹ́tí títí, ó ní, "Dádì, mi ò gbọ́ ìlù kankan." Mo ní ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

"Bàbá ìsàlẹ̀" ni ti òṣèlú, ìyẹn ò sì fara pamọ́. Ta ni ò mọ Adédibú n'Íbàdàn? Kò ṣe gómìnà rí, síbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ilé rẹ̀ ní Mọ́lété ni àwọn tó ń wá ipò ń wọ́ lọ. Òun àti Gómìnà Ládọjà jà. Oṣù Kìíní ọdún 2006 ni wọ́n yọ Ládọjà, oṣù Kejìlá ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a padà sórí àga. Kí ọmọ yín ṣọ́ra o: bàbá ìsàlẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì, oyè àpọ́nlé ni. Díẹ̀ ló kù kí tèmi bi bàbá àgbà kan léèrè ìbò lọ́jọ́ ìkórè!

Ẹ má fi afọbajẹ kún un. Gbangba ni Ọ̀yọ́ Mèsì méjèèje jókòó sí, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn.

Tilé ló máa ń tètè yé ọmọ. Bí àbúrò rẹ̀ bá wá tọrọ bisikíìtì, tí ẹ rí òun tó ń yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ kàn wò ó lójú kẹ́ ẹ ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀yìn rẹ."