Ìyá Ìbejì, ẹ wá ibi tí ẹ máa sùn kí ẹ tó wá òkè tí ẹ máa gùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o. Ẹ ní láti ọjọ́ Jímọ̀ sí ọjọ́ Àìkú nìkan ni bàbá wọn rí gbà níbi iṣẹ́ ní ìparí oṣù Kẹwàá yìí, ẹ kò ní mọ́tò, Ìbejì jẹ́ ọmọ ọdún méje, Ìdòwú jẹ́ ọmọ ọdún méjì, màmá ọkọ yín sì wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ wá béèrè bóyá kí ẹ gba kọ́tééjì kan ní Peak District, àgbègbè olókè kan ní England, èyí tó dá wà láàárín pápá, tí kò sí ilé mìíràn nítòsí. Ẹ dákun, ẹ má gbà á. Mo ti gba irú rẹ̀ rí.

Oṣù Kejì ọdún 2016 ni. A dúró de ọkọ mi kó ti ibi iṣẹ́ dé kí a tó kúrò ní Woolwich, àdúgbò wa ní Lọ́ńdọ̀nù, a háyà mọ́tò, a ní wákàtí mẹ́rin péré ni. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá kí a tó rí orúkọ abúlé náà lójú ọ̀nà. Òkùnkùn tí à ń pè ní òkùnkùn ní Lọ́ńdọ̀nù, eré ni. Kò sí iná kankan lójú títì, ògiri òkúta wà lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà kò sì gba mọ́tò méjì. Tí ẹlòmíràn bá yọ níwájú, ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn rìn padà títí yóò fi rí ibi yà sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ mi fi ẹ̀yìn rìn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

A dé ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń retí wa. Àpótí irin kékeré kan ni wọ́n kàn mọ́ ògiri, inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, nọ́ńbà mẹ́rin ló ń ṣí i. Nọ́ńbà wà nínú íméèlì, íméèlì wà nínú fóònù, fóònù kò sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo na fóònù sókè bí ẹni tó wà ní ìsọjí, mo yí ilé po, òjò ń pa mí, àbíkẹ́yìn mi ń ké nínú mọ́tò. Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń jáde lọ wo àgùntàn rẹ̀ ló rí iná fóònù mi lókèèrè. Ó mú mi lọ sí kíṣìnnì rẹ̀, ó fún mi ní Wi-Fi, ó tún bu mílíìkì fún ọmọ. Pọ́ọ̀bù tí a ń fojú sí ti pa iná oúnjẹ láti aago mẹ́sàn-án. Bísíkíìtì la jẹ sùn.

Láàárọ̀, mo ní kí n fi ọbẹ̀ tu ara wa nínú. Epo gbóná, ata rodo balẹ̀ sí i, ni aago èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Kò sí fèrèsé kan tó ṣí tán nínú ilé náà. A fi aṣọ inura fẹ́ ẹ títí apá fi ń ro wá. Onílé wá yọ £60 nínú owó ìdúró wa, ó ní ilé ń rùn. Ọbẹ̀ ata tó ń ta sánsán! Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, ibi tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ jáde láti ẹnu ọ̀nà kí ẹ bá ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ bá oúnjẹ, kí ẹ sì bá òkè, ibẹ̀ ni kí ẹ sùn. Ní Peak District, Castleton ni mo máa ń sọ fún èèyàn. Abúlé kékeré ni, ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ wà, ilé àtijọ́ àwọn ọba, Peveril, wà lórí òkè gan-an lẹ́yìn abúlé, ihò àpáta sì wà tí ẹ lè rìn dé. Bí owó kọ́tééjì bá pọ̀ jù, ẹ wo ilé YHA, ẹgbẹ́ tó ń fún arìnrìn-àjò ní ibi ìsùn, tó wà nítòsí ibẹ̀, Losehill Hall. Wọ́n ń pè é ní ilé ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín, ẹbí lè gba yàrá tiwọn.

Ní ti ọkọ̀, rélùwéè dára ju mọ́tò àháyà lọ. Láti ibùdó St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù dé Sheffield, bíi wákàtí méjì ni. Ẹ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Manchester tó ń dúró ní ibùdó kéékèèké. Ẹ béèrè dáadáa o, èyí tó ń sáré lè gbé yín kọjá. Lẹ́yìn ibùdó Dore, ọkọ̀ máa wọ ihò kan lábẹ́ òkè tó lé ní máìlì mẹ́ta. Àwọn ọmọ mi máa ń fẹ́ dá èémí dúró títí a ó fi jáde, kò sẹ́ni tó ṣe é dé ìdajì rí. Tí ẹ bá jáde síta, ìlú ti yàtọ̀: òkè, pápá, àgùntàn. Ibùdó Hope ni kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀, ó ku bíi máìlì méjì sí Castleton. Bọ́ọ̀sì 272 ni mo máa ń wọ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú màmá àti ẹrù, ẹ bá onítakisí àdúgbò sọ ọ́ sílẹ̀ láti ilé. Ẹ má gbójú lé Uber.

Ẹ ra káàdì rélùwéè ti ẹbí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àgbà mẹ́rin àti ọmọdé mẹ́rin ló gbà, ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n máa yọ fún àgbà, 60 nínú 100 ni wọ́n máa yọ fún Ìbejì. Ìdòwú kò sanwó rárá. Màmá náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ dé kí ilẹ̀ tó ṣú, mo bẹ̀ yín. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan níbí, láti ọjọ́ náà lọ, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kì í bá oòrùn mọ́. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́ sórí ìwé.

Òkè tí ẹ máa gùn ni Mam Tor. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 517, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè tó ń le koko mọ́ ọmọdé. Ẹ gba ọ̀nà mọ́tò àtijọ́ lọ. Òkè náà kì í dúró jẹ́ẹ́, ilẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ wálẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n tún ọ̀nà náà ṣe títí ó fi sú wọn, wọ́n sì pa á tì ní 1979. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìlà funfun àárín títì ṣì hàn lára rẹ̀. Á máa lọ geerege, lójijì á já wálẹ̀ bí àtẹ̀gùn, ẹ ó sì rí ọ̀dà lórí ọ̀dà bí ewé ìwé, gbogbo ìgbà tí wọ́n tún un ṣe. Èyí ọkùnrin nínú àwọn ọmọ mi jókòó ti ibẹ̀, ó ń kà á, kò fẹ́ kúrò. Kò bi mí ní ìbéèrè kan nípa fóònù lọ́jọ́ náà.

Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ dání. Àtẹ̀gùn òkúta àti ẹrẹ̀ kò jẹ́ kí táyà yí. Ẹ mú ọ̀já. Mo pọn àbíkẹ́yìn mi dé orí Mam Tor, ìyá òyìnbó kan tó ń fa kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ògùn lójú dá mi dúró, ó fẹ́ mọ ilé ìtajà tí mo ti ra “nǹkan yẹn”. Mo ní ìró ìyá mi ni. Bàtà òjò ni kí Ìbejì wọ̀, kì í ṣe bàtà eré ìdárayá funfun tí àwọn tèmi wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì fún ẹni kọ̀ọ̀kan lójúmọ́.

Tí òjò bá mú ọjọ́ kan, ihò Peak Cavern ni kí ẹ wọ̀. Orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ni Devil's Arse, àwọn ọmọ máa fi rẹ́rìn-ín títí dé Lọ́ńdọ̀nù. (Ẹ má túmọ̀ rẹ̀ sí ìdí Èṣù fún màmá o, Èṣù tiwa kò bá wọn dé ibẹ̀.) Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé àwọn oníṣòwò okùn kọ́ ilé sínú rẹ̀, bíi 400 ọdún ni wọ́n fi ń ṣe okùn níbẹ̀, wọ́n ṣì máa ń fi bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọ han àlejò.

Bàbá wọn lè máa bẹ̀rù pé wọ́n máa lé yín lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ọkọ mi náà bẹ̀rù. Ibi tí ẹ bá ti rí ọfà yẹ́lò lára òpó, ọ̀nà gbogbo ayé ni, kódà bó gba àárín oko kọjá. Àwọn kan jìyà rẹ̀: ní 1932, ogunlọ́gọ̀ òṣìṣẹ́ gun òkè Kinder Scout tó wà nítòsí ibẹ̀ lọ́nà tí olówó ní kí wọ́n má gbà, márùn-ún nínú wọn ṣẹ̀wọ̀n. Ọdún 1951 ni wọ́n wá sọ àgbègbè náà di ọgbà orílẹ̀-èdè, òun ni àkọ́kọ́ ní Britain. Kò sí gééètì, kò sí owó ìwọlé. Gééètì oko tí ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà, èyí tí ẹ bá bá ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má la àárín màlúù tó ní ọmọ lẹ́yìn kọjá.

Oúnjẹ: ẹ dín ata nílé, ẹ fi sínú fíríìsà, kó di òkúta kó tó wọ báàgì. Ìrẹsì nìkan lẹ máa sè. Mọ́ínmọ́ín náà ń rin ìrìn dáadáa. Ọjọ́ Àìkú, ẹ wo íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ kí ẹ tó jáde, wọ́n fẹ́ràn láti máa tún irin rélùwéè ṣe lọ́jọ́ yẹn, bọ́ọ̀sì lẹ máa bá dípò ọkọ̀ ojú irin.

Ẹ béèrè bóyá màmá máa gbádùn rẹ̀. Ìdànrè ni wọ́n ti bí màmá ọkọ tèmi. Wọ́n wo Mam Tor láti ìsàlẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé èyí lẹ sanwó rélùwéè wá wò?” Wọn ò gùn ún. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ẹ̀bá ọ̀nà abúlé pẹ̀lú tíì wọn, gbogbo òyìnbó tó ń kọjá lọ sókè sì ń kí wọn, “Morning!” Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ti lò ní Woolwich, kò sí aládùúgbò kan tó kí wọn. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, màmá ti ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: “Ẹ kú ìrìn o. Ẹ rọra o, ó ń yọ̀.”