Èwo ló dára fún ọ̀nà gbágungbàgun: travel trailer tàbí fifth wheel?

Ẹ ní ẹ fẹ́ máa fi ilé tí ọkọ̀ ń fà rìn láti Ìkòròdú, gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ sì ń bèèrè èyí tí ẹ máa rà. Travel trailer, ìyẹn èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ tó ń fà á, ni kí ẹ rà, kó má sì gùn jù.

Fifth wheel máa ń gun inú ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, lókè táyà ẹ̀yìn gan-an, bí orí tírélà ṣe ń gbé kọ̀ǹténà tó ń bọ̀ láti Àpápá. Lóòótọ́, kì í sáábà fì sọ́tùn-ún sósì lórí eré. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ga, òmíràn ga tó ẹsẹ̀ bàtà 13. Wáyà iná tó rọ̀ kalẹ̀ lè há a. Nínú ìwúwo rẹ̀, ìdá 15 sí 25 nínú 100 ni píkọ́ọ̀pù máa gbé. Ti travel trailer kò ju 10 sí 15 lọ, jíìpù alágbára sì lè fa èyí tó kéré.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Páìpù omi ìdọ̀tí máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ nígbà míì, òun ni òkúta sì máa ń kọ́kọ́ fọ́. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gùn kọjá táyà jù, á máa ha ilẹ̀ bí ẹ bá ti ń jáde nínú kòtò.

Ẹ máa fi sípánà yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò léraléra, nítorí jìgìjìgì ọ̀nà máa ń tú u.