Díkódà: Ká Rà Á Ni àbí Ká Yá A?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá ní Under-G, Ògbómọ̀ṣọ́. Láńlọ́ọ̀dù fẹ́ máa gba ₦1,500 lóṣù lórí díkódà DStv tó wà níbẹ̀, èmi náà ni màá sì máa san owó ìkànnì. Ẹnì kan ní Takie fẹ́ ta àlòkù fún mi ní ₦9,000. Ó ku ọdún méjì kí n jáde ní LAUTECH. Èwo ni kí n ṣe? (Akẹ́kọ̀ọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ rà á. Láàárín oṣù mẹ́fà péré, ₦1,500 yẹn ti di ₦9,000. Kí ọdún méjì tó pé, ẹ ó ti san ₦36,000 lórí ohun tí ẹ ò ní gbé kúrò níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lo oṣù mẹ́ta níbì kan ni yíyá yẹ, ìyẹn náà bó bá jẹ́ pé onídíkódà ni yóò máa tún un ṣe.

Àmọ́ ₦9,000 kọ́ ni gbogbo owó tó máa ná yín. Ẹ wo dísì orí òrùlé. Bí LNB iwájú rẹ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àmì ìkànnì láti ojú ọ̀run) bá ní ojú wáyà méjì tàbí mẹ́rin, tí ọ̀kan sì ṣófo, ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ láńlọ́ọ̀dù, kí ẹ fa wáyà tiyín látibẹ̀. Bó bá jẹ́ olójú kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí olójú méjì. Ẹ má gbà kí oníṣẹ́ fi splitter pín wáyà kan fún díkódà méjì. Ìdí ni pé díkódà máa ń fi iná 13V tàbí 18V ránṣẹ́ sí LNB láti sọ apá ìkànnì tó fẹ́. Tí ọ̀kan bá béèrè 13V, tí èkejì béèrè 18V, 18V ló máa borí, àwọn ìkànnì kan á sì ṣàdédé pòórá lọ́dọ̀ ẹni tó béèrè 13V.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó àlòkù? (Oníbéèrè kan, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Káàdì lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú áàpù báńkì yín bíi pé ẹ fẹ́ sanwó ìkànnì: orúkọ ẹni tó ni ín á jáde kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí kì í bá ṣe orúkọ ẹni tó ń tà á, ẹ béèrè bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Káàdì àti díkódà ti so pọ̀ mọ́ra, torí náà ẹ má ra ọ̀kan láìsí èkejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ tàn án. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé "owó ìkànnì ló tán, kò sí nǹkan tó ṣe é." Ẹ wo nọ́ńbà tó hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. E16 lè jẹ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀: àmì ń wọlé, owó ni kò sí. E48-32 ní tirẹ̀, àmì ò wọlé rárá; ẹ gbé díkódà náà lọ sórí dísì míì tó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Adapter ńkọ́? 12V ara díkódà gbọ́dọ̀ bá ti adapter mu. Ampere rẹ̀ lè ju èyí tí díkódà ń béèrè lọ, kò gbọ́dọ̀ dín; tó bá dín, díkódà á máa kú, á tún máa tàn fúnra rẹ̀.

Ẹ tú kọnẹ́ktọ̀ ẹnu wáyà. Bí ó bá ti dípẹtà aláwọ̀ ewé, omi ti wọ̀ ọ́: ẹ gé ibẹ̀ dànù, kí ẹ dì í tuntun. Bàbà àárín nìkan ló yẹ kó yọ síta. Tẹ́ẹ́rẹ́ okùn irin ìta kan péré, tó rí bí irun orí, tó bá kan bàbà yẹn, àmì ti tán nìyẹn. Ibí lèmi máa ń fura sí kí n tó fẹ̀sùn kan díkódà.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ní Amẹ́ríkà ní oṣooṣù lòun ń sanwó àpótí kébù, ìyẹn díkódà tiwọn. Ṣé wọn kì í tà á níbẹ̀ ni? (Ìyá kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Yíyá ló gbilẹ̀ níbẹ̀, Mà. Láti 1996 ni òfin wọn ti ní kí oníbàárà lè ra tirẹ̀ lọ́jà, àmọ́ nígbà tí àwọn sẹ́nétọ̀ méjì ṣèwádìí ní 2015, nǹkan bíi $231 ni ìdílé kan ṣì ń san lọ́dún lórí yíyá nìkan. Kó béèrè bóyá áàpù ilé iṣẹ́ kébù rẹ̀ ṣeé lò lórí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Bó bá ṣeé lò, kó dá àpótí náà padà pẹ̀lú rìmóòtù àti adapter rẹ̀, kó sì gba rìsíìtì, torí èyí tí wọn ò bá rí gbà padà, owó rẹ̀ ni wọ́n máa kọ sí i lọ́rùn.