Ṣé yẹ̀yẹ́ "orobo" nílé ìwé lè mú kí inú máa run ọmọ ọdún 12?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀, ọmọ yín kò sì parọ́. Tí ọkàn ọmọ kò bá balẹ̀, ara rẹ̀ á máa tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù sínú ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ àti ìfun sì jọ ń ṣiṣẹ́ ni, ìyẹn ló fi máa ń di inú rírun, orí fífọ́ àti àìrí oorun sùn. Ẹ wò ó bóyá àárọ̀ Mọ́ńdè ló ń dé, tó sì ń lọ ní Sátidé. Síbẹ̀, ẹ mú un lọ rí dókítà o, torí aràn inú náà wà.

Ní ti sísanra, ọmọbìnrin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà láàárín ọdún 8 sí 13, ọkùnrin láàárín 9 sí 14. Ọ̀pọ̀ wọn á kọ́kọ́ sanra díẹ̀ kí wọ́n tó ga. Ẹ má fi ebi pa á. Ẹ sì bá àwọn ará ilé wí: ẹnu àǹtí àti bùrọ̀dá ni irú orúkọ yìí ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó lọ bá tíṣà kíláàsì rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, ọdún 2003, dáàbò bo iyì ọmọ. Tó bá ti ń kọ oúnjẹ, tàbí tó ní ayé sú òun, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.