Kí Ló ń Jẹ Ààyè Inú Láptọ́ọ̀pù? Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Windows 11 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, dísìkì rẹ̀ sì jẹ́ 256 GB. Ó ti pẹ́ tó ti ń pariwo pé ààyè ti tán. Inú OneDrive ni gbogbo fọ́tò mi wà, mo sì gbà pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe inú ẹ̀rọ. Mo pa fíìmù àti orin rẹ́, kò pẹ́ tó tún fi kún. Ẹnì kan wá ní kí n kó gbogbo ohun tó wà nínú fódà OneDrive dànù, pé ẹ̀dà wọn kúkú wà lókè. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Fódà OneDrive tó wà nínú ẹ̀rọ yín àti èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ níhìn-ín, OneDrive á pa á rẹ́ lọ́hùn-ún. Bí àkáǹtì náà bá jẹ́ ti ara ẹni, ó ní 30 ọjọ́ péré nínú Recycle bin tó wà lórí ìkànnì OneDrive, lẹ́yìn náà ó lọ nìyẹn. Ohun tí ẹ fẹ́ ni pé kí fáìlì kúrò nínú ẹ̀rọ kó sì wà lókè. Bọ́tìnnì tìyẹn yàtọ̀ sí Delete.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá OneDrive ló jẹ ààyè náà lóòótọ́. Ẹ ṣí File Explorer, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fódà OneDrive, kí ẹ yan "Properties". Ẹ dúró kó kà á tán. Ìlà méjì ni kí ẹ wò níbẹ̀: "Size" àti "Size on disk". "Size" ń sọ bí fáìlì ṣe tóbi tó, ibi yòówù kó wà. "Size on disk" ló ń sọ iye ààyè tó gbà nínú dísìkì yín. Bí "Size" bá jẹ́ 180 GB, tí "Size on disk" jẹ́ 2 GB, ọwọ́ OneDrive mọ́, ẹ wá ibòmíràn. Bí èkejì bá jẹ́ 120 GB, ọwọ́ yín ti tẹ olè.

Ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo fáìlì tí ẹ bá ṣí ni OneDrive máa ń gbé wọlé, bó bá sì ti wọlé, ibẹ̀ ló ń jókòó sí, títí ẹnì kan á fi ní kó jáde. Fáìlì RAW kan, ìyẹn fọ́tò bí kámẹ́rà ṣe yà á gan-an láìtíì fún un pọ̀, lè tó 25 MB sí 50 MB. Ẹ̀yin tí ẹ ya 1,000 fọ́tò níbi ìgbéyàwó kan, tí ẹ ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ṣa èyí tó dáa, ẹ ti kó 25 GB sí 50 GB wọlé nìyẹn, ìgbéyàwó kan ṣoṣo. Ètò mìíràn tó bá ń ka inú fáìlì, irú èyí tó ń ṣe bákọ́ọ̀pù, náà lè kó wọn wọlé láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì á fi hàn yín. Ìkùukùu aláwọ̀ búlúù: orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà, kò gba ààyè. Tíìkì aláwọ̀ ewé nínú òbìrí funfun: ẹ ti ṣí i rí, ó ti wọlé. Òbìrí tó kún fún àwọ̀ ewé pẹ̀lú tíìkì funfun: ẹ ti pàṣẹ pé kó máa wà nínú ẹ̀rọ nígbà gbogbo. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà, nítorí bí ẹ bá yan "Always keep on this device" fún odindi fódà, gbogbo ohun tí ẹ bá kó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú náà á máa wọlé.

Ẹ wá mú fódà iṣẹ́ tí ẹ ti parí, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ ẹ́, kí ẹ yan "Free up space". Lórí Windows 11, ó lè fara pamọ́ sábẹ́ "OneDrive" nínú àkọsílẹ̀ tó bá yọ. Àmì á yí padà di ìkùukùu búlúù. Fáìlì tí àmì rẹ̀ kọ̀ tí kò yí, ẹ wò ó bóyá ó ṣí sílẹ̀ nínú ètò kan, tàbí ọfà méjì ló wà lára rẹ̀, ìyẹn ni pé kò tíì dókè tán. Bí ẹ bá rí X funfun nínú òbìrí pupa, ẹ yanjú ìyẹn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó wà láyé.

Ẹ má lé gbogbo fáìlì jáde o. Owó dátà ni ẹ máa fi gbé e padà wọlé. Iṣẹ́ tí ẹ ṣì ń ṣe lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó wà nínú ẹ̀rọ. Fún ìyókù, ẹ lọ sí Settings, System, Storage, kí ẹ ṣí Storage Sense. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, lábẹ́ orúkọ OneDrive, ẹ yan 30 ọjọ́: fáìlì tí ẹ kò bá ṣí láàárín àkókò náà á padà sókè fúnra rẹ̀. Àfi èyí tó ní òbìrí aláwọ̀ ewé kíkún, kò ní fọwọ́ kan ìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ OneDrive mọ́, ẹ wo inú C:\Users bóyá fódà OneDrive ti iléeṣẹ́ tí ẹ ti kúrò ṣì wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá yọ àkáǹtì kúrò lórí ẹ̀rọ, àwọn fáìlì tó ti wọlé kì í bá a lọ. Ẹ tún wo Windows.old, ìyẹn fódà Windows àtijọ́ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n fi tuntun sí i, àti hiberfil.sys, fáìlì tí Windows fi pamọ́ tó ń kó iṣẹ́ yín sí bí ẹ̀rọ bá sùn (hibernate), tó lè tó ìdá méjì nínú márùn-ún RAM yín. WizTree, ètò kan tó ń fi ohun tó gba ààyè nínú dísìkì hàn, tí ẹ bá ṣí gẹ́gẹ́ bí administrator, á fi gbogbo rẹ̀ hàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìlà "Allocated" ni kí ẹ kà níbẹ̀, kì í ṣe "Size", kí fáìlì tó wà lókè má baà tàn yín.

ÌBÉÈRÈ: Google Drive ni tèmi. "Stream files" ni mo yàn, pé kí fáìlì máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ mo rí fódà kan tó ń jẹ́ DriveFS tó ti gba 40 GB. Ṣé mo lè pa á rẹ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ṣe é. Inú AppData\Local\Google\DriveFS ni Google Drive ń kó fáìlì tí ẹ ṣí sí, ibẹ̀ náà sì ni fáìlì tí kò tíì dókè ń dúró sí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń ṣe ségesège, iṣẹ́ àná lè ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró, ẹni tó bá sì pa fódà náà rẹ́ ti pa iṣẹ́ yẹn rẹ́ mọ́ ọn. Ẹ tẹ àmì Google Drive nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, kí ẹ rí i dájú pé kò sí ohun tó ń lọ sókè lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ àwọn fódà ńlá tí ẹ ti fún ní "Available offline", kí ẹ sọ wọ́n di "Online only". Bí ẹ bá ní dísìkì kejì tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ nígbà gbogbo, ẹ lè gbé DriveFS lọ síbẹ̀ nínú Preferences, níbi tí wọ́n kọ "Local cached files directory" sí. Dísìkì tí ẹ ń yọ, tí ẹ ń kì bọ̀ ọ́, kò dára fún un.

ÌBÉÈRÈ: Láptọ́ọ̀pù 256 GB ni mo sanwó fún, 237 GB ni Windows ń fi hàn mí. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹni tó ṣe dísìkì ka GB kan sí 1,000,000,000 báìtì, Windows sì kà á sí 1,073,741,824. Bí ẹ bá pín 256 bílíọ̀nù fún iye yẹn, ó jẹ́ 238 àti díẹ̀, Windows sì tún mú ìwọ̀nba fún ara rẹ̀ láti fi tan ẹ̀rọ àti láti fi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nǹkan bí 119 GB ni Settings kọ, tí kò sì sí apá mìíràn nínú Disk Management, ibi tí Windows ti ń fi bí wọ́n ṣe pín dísìkì hàn, dísìkì 128 GB ni wọ́n fi sí i. Ẹ mú rìsíìtì yín, kí ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín.